Kọ̀ǹpútà Tó Ń Yí Orúkọ Padà Lójoojúmọ́

Agboolé Ògúntúndé,
Èsìẹ́.

Tómilọ́lá ọmọ mi,

Kí n tó kí ẹ, wá ibì kan jókòó sí. Kò sẹ́ni tó kú. Kò sẹ́ni tó wà nílé ìwòsàn. Màmá àgbà ń jẹun, bàbá rẹ wà lóko wọn ní Bàbáńlá, ara wọn le. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun, mo sì ní kí n kọ́kọ́ pọ̀ ọ́ jáde, kí n má baà fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀ kí n wá ṣe bí ẹni pé mo gbàgbé: kọ̀ǹpútà tí o gbé fún mi ti di olè. Inú Wáífáì Bàbá Èkó ló ti ń ṣe é. Ojoojúmọ́ ló ń fi orúkọ mìíràn wọlé tọ̀ wọ́n lọ, tí wọ́n sì rò pé àwọn àjèjì ni. Òun kọ́ ni wọ́n sì mú o. Toyyibat, ìyàwó Shakiru, ni wọ́n tì síta nítorí rẹ̀, tòun ti oyún nínú. Èmi ìyá rẹ wà níbẹ̀, mo sì bá wọn tì í.

Ó ti jáde lẹ́nu mi wàyí. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀.

Báwo ni Ìbàdàn? Ṣé o ń jẹun àárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́? Màmá àgbà wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú fọ́tò, tó bá dé ojú ayé, egungun ni yóò jẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin lábẹ́ adìyẹ tí ẹsẹ̀ adìyẹ kì í fi í tẹ̀ ẹ́ fọ́, yóò ṣọ́ ẹ láàárín àwọn ará Ìbàdàn. O ò ní bá wọn jẹ nínú ohun tí wọ́n sè tí wọn kò lè sọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní bà ọ́ lójú jẹ́. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀kọ sí i lẹ́yìn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kajú ti wọ́ tán, òrùlé ilé ìdáná ń jò níbi tí bàbá rẹ sọ pé àwọn ti dí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ibi kan ṣoṣo tí fóònù ti ń mú nǹkan ní sàkáání wa báyìí ni òkè ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ sì ni gbogbo ìlú ń dúró sí láti sọ̀rọ̀. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ níbẹ̀, kí n tó sọ̀ kalẹ̀, wọn á ti gbọ́ ọ ní Òmù-Àrán. O sì lè sọ pé kí n fi kọ̀ǹpútà pè ọ́. Tómi, òun gan-an la ń rojọ́ rẹ̀. Mi ò lè máa fi ẹnu ẹlẹ́jọ́ sọ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé, tí mo fún Ebenezer tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo tún fi òwú rán an, torí Ebenezer fẹ́ràn àtimọ̀ nǹkan.

Kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá Adéyanjú ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kó dé láti Èkó, tí wọ́n sì kọ́ ilé alájà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, àwa ìyàwó ilé ń pè wọ́n ní Bàbá Èkó. Wọ́n gbé àwo funfun kan sórí òrùlé wọn tó dojú kọ ọ̀run. Màmá àgbà lọ wò ó, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé omi òjò ni wọ́n fẹ́ fi gbà, kò jìn tó. Àwo yẹn ló ń mú Wáífáì wá. Bàbá kì í ṣe ahun, wọ́n fún wa ní kóòdù rẹ̀, wọ́n fún Toyyibat náà, torí Àbíjàn ni Shakiru ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ara wọn lójúkojú. Ilé méjì péré. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n sì ṣe fóònù wọn kí ó máa kọ bí àkùkọ nígbàkigbà tí ẹni tí kò wọlé rí bá wọlé. Bàbá fẹ́ràn ohùn yẹn. Àwọn àkùkọ ilé nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀, tó bá ti kọ, wọn á dá a lóhùn, ariwo á wá gba gbogbo agboolé.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àfi ìgbà tí mo gbé ata lọ sọ́dọ̀ Sàrátù ẹlẹ́rọ ìlọta. Ẹ̀rọ ń ké, Sàrátù náà ń ké, ó ní ṣé mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò, pé ẹni tó bá ń lo Wáífáì ẹlòmíràn, olówó Wáífáì ń rí i. Mo ní ṣé kọ̀ǹpútà ló ń rí ni àbí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ó ní kí ni ìyàtọ̀ nínú ẹ, ṣé mi ò rí ojú kékeré tó wà lókè kọ̀ǹpútà ni, ṣé mo rò pé wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Mo rántí bí mo ṣe máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn nígbà ooru. Ìró kan láyà, orí ṣíṣí, ẹsẹ̀ kan lórí àpótí, máńgòrò lẹ́nu. Bàbá Èkó kan náà tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi, tí mi ò lè jẹun níwájú wọn! Ata ni mo gbàgbé sínú ẹ̀rọ Sàrátù. Mo sáré délé.

Mo ṣí ibi sẹ́tíǹgì tí o fi hàn mí nígbà Àjíǹde. Mo ka gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí mò ń ka ìbéèrè ìdánwò. Ṣé o mọ̀ pé mo jáde ìwé mẹ́wàá, ìṣirò nìkan ló dà mí, Gẹ̀ẹ́sì kò dà mí. Mo kà á títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kọ̀ǹpútà lè máa lo àdírẹ́sì ìkọ̀kọ̀, ìyẹn orúkọ tó fi ń wọlé sínú Wáífáì, kí àwọn tó ni Wáífáì má baà dá a mọ̀. Mo ní Ọlọ́run ò, àwọn tó ṣe kíní yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀. Èkínní, pa á. Mo ní rárá, ìhòòhò tí mò ń sá fún nìyẹn. Èkejì, tàn án. Mo rò ó títí, mo ní pẹ̀lú irú iná tiwa níbí, mi ò lè tan nǹkan sílẹ̀ tọ̀sán-tòru kí bátìrì má baà kú. Ẹ̀kẹta, kí ó máa yí i padà lójoojúmọ́. Ìyẹn ló wọ̀ mí lójú. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ náà nìyẹn, pé èèyàn kì í wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ àná jáde lónìí. Mo tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn, mo wé gèlè, mo jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

O lè bi mí pé ṣé mi ò rò ó pé wọn kò ní dá kọ̀ǹpútà mọ̀ nítòótọ́. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ agboolé yìí, mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ṣáájú kí n tó dé. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin, Adúmáadán ni mò ń pè é. Èyí tó tẹ̀lé e, Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀. Akọ̀wé ni mò ń pe èyí tí kò tíì kọ ohunkóhun láyé rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ ẹni tí mò ń pè. Kò sí ọjọ́ kan tí mo pe Adúmáadán tí wọ́n dìde gbé igi pé àjèjì wọlé. Mo ní bí Wáífáì náà ṣe máa ṣe nìyẹn, pé orúkọ yòówù kí kọ̀ǹpútà wa jẹ́, wọ́n á mọ̀ pé òun náà ni, ìtìjú ló ń tì í.

Ló bá di pé àkùkọ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láràárọ̀. Bàbá wo fóònù, wọ́n ní ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ ti wọlé. Ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn. Ọjọ́ kẹta, ẹlòmíràn. Bàbá pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní àwọn ọmọ ìta ti gba kóòdù, wọ́n ń jókòó sẹ́yìn ọgbà fa Wáífáì bí ẹni fi ọ̀pá ìbẹ́pẹ mu ẹmu. Màmá àgbà ní ọ̀rọ̀ náà kò le, pé Bàbá kọ́lé wọn kò ṣí i, wọn kò pe ẹnikẹ́ni wá jẹun, àwọn àlejò tí wọn kò pè ló ń pe ara wọn. Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn jọ̀ọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Bàbá wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n mú ọ̀pá, àwọn ọkùnrin ilé tẹ̀lé wọn. Wọ́n wo orí igi kajú. Wọ́n wo inú ilé tí Akọ̀wé kọ́ dé ojú fèrèsé tó fi sílẹ̀. Èmi náà ò gbẹ́yìn o, Tómi, èmi ni mo sọ pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn ṣáláńgá. Wọ́n bá ọkùnrin kan lẹ́yìn ọgbà lóòótọ́, ó jókòó ti iṣu rẹ̀, ó ń ta ayò lórí fóònù. Wọ́n yí i ká. Bàbá ní ọmọ ta ni, ó ní Agbamu lòun ti ń bọ̀, iṣu lòun ń tà, oòrùn ló mú òun. Bàbá ní ilé wo ní Agbamu. Ó dárúkọ ilé. Bàbá ní ta ni ìyá rẹ̀. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Bàbá ju ọ̀pá sílẹ̀, ilé ìyá Bàbá gan-an ni ọkùnrin náà ti wá. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n fún un lómi, wọ́n ra iṣu rẹ̀, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àkùkọ tún kọ.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ pé kì í ṣe ará ìta, inú ilé ni ejò ti ń jáde. Wọ́n pe èmi àti Toyyibat síwájú ilé. Wọ́n ní ilé méjì làwọn fún, ta ló ń pín kóòdù? Mo ní Bàbá, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ní, kọ̀ǹpútà tí Tómi gbé fún mi, kì í jáde nílé. Òótọ́ pọ́ńbélé sì ni mo pè é. Àwọn àbúrò Toyyibat mẹ́ta sì ti wá láti Share lọ́sẹ̀ yẹn láti wá bá a ṣiṣẹ́ ilé nítorí oyún, tòun ti fóònù lọ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí i. Ó ní Wàllàhì òun kò fún wọn, pé òun tilẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè ráyè fọ aṣọ. Bàbá ní àwọn kò ní kó búra, ohun tó wà lójú fóònù làwọn ń wò. Wọ́n na fóònù jìnnà sójú, wọ́n tẹ nǹkan kan, wọ́n ní ó ti parí, a ti ti Toyyibat síta.

Toyyibat wò mí. Ó ní ìyálé mi, ẹ sọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí. Mo ní kó bọ̀wọ̀ fágbà, kó má ṣe máa wo ojú Bàbá bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹnu mi ló ti jáde.

Àkùkọ kò dákẹ́ ṣá. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Bàbá ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn, kí a fi wo orúkọ àwọn olè náà lójú tó fẹ̀, torí ojú àwọn kò ríran kékeré mọ́. Mo gbé e lọ. Mo gbé e kalẹ̀, mo ṣí i. Àkùkọ kọ. Bàbá fò sókè, wọ́n ní wọ́n tún ti dé, wọ́n sáré yí ẹ̀yìn ilé ká. Ẹ̀rù bà mí, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Bàbá padà, wọ́n wo fóònù, wọ́n ní ó ti jáde, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá o. Wọ́n ní ṣí kọ̀ǹpútà ká wò ó. Mo ṣí i. Bàbá ní olórí burúkú, ó tún ti wọlé! Wọ́n tún sáré lọ. Mo pa á dé. Wọ́n padà, wọ́n ń mí hẹlẹ, wọ́n ní ó tún ti sá.

Mo ṣí i díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń yọjú wo ìkòkò. Mo yọjú wo fóònù Bàbá lórí tábìlì. Àlejò wọlé. Mo pa á. Àlejò jáde. Mo sọ fún Bàbá pé ẹ̀wà mi wà lórí iná, mo gbé kọ̀ǹpútà, mo sáré. Mi ò ní ẹ̀wà kankan lórí iná.

Nígbà tí mo délé, mo dì í mọ́ inú ìró àlàárì tí ìyá mi fún mi, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé òun ló pa èèyàn. Mo ní tí mi ò bá ṣí i mọ́, àkùkọ á dákẹ́, ọ̀rọ̀ á tán. Àkùkọ dákẹ́ lóòótọ́. Bàbá wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ṣé wọ́n rí i, Toyyibat náà ni, láti ìgbà tí àwọn ti tì í síta làwọn olè ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé mo jókòó síwájú ilé, mò ń ṣa ìrẹsì, mo rí Toyyibat tó ń lọ sókè ilé ẹ̀kọ́ gírámà láti lọ wá ibi tí fóònù ti ń mú, kó lè gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. O mọ bí òkè yẹn ṣe rí. Ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ìdí mú, ó na fóònù sókè lọ́wọ́ kejì bí ẹni tó ń fi àtùpà wá ọ̀nà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kí mi. Ó tún kí mi, Tómi! Ó ní ẹ kú iṣẹ́ ìyálé mi. Ìrẹsì tí mò ń ṣà, mi ò rí òkúta inú ẹ̀ mọ́.

Mo dìde, mo fa kọ̀ǹpútà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e lọ bá Bàbá, mo kúnlẹ̀. Màmá àgbà tẹ̀lé mi, torí wọ́n rí ojú mi. Mo ní Bàbá, àwọn olè tí ẹ ń wá, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n, òun nìyí. Mo ṣàlàyé pé ojoojúmọ́ ló ń yí orúkọ padà. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ilé rere, tí a mọ ìyá rẹ̀, á fi máa fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dáhùn? Ṣé mo lè sọ fún bàbá ọkọ mi pé mo rò pé wọ́n ń wo ìhòòhò mi? Mo ní ìtìjú ni, Bàbá. Wọ́n ní ìtìjú ta ni. Mo ní ti kọ̀ǹpútà.

Ni Màmá àgbà bá là á mọ́lẹ̀. Wọ́n ní Rúùtù ń bẹ̀rù pé ò ń fi Wáífáì rẹ wo òun níbi tó ti ró ìró láyà ni. Ilẹ̀ kò lanu. Bàbá húkọ́ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ìyàwó wọn pariwo láti inú yàrá pé ẹni tí kò rí ẹran nínú ọbẹ̀ àná àfi ìgbà tí òun mú ọwọ́ rẹ̀ sí i, kí ni ẹni náà fẹ́ rí nílé onílé. Bàbá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí gbogbo wa dojú kọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Toyyibat. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, ó ní kí n dìde, kí n má baà jẹ́ kí òun bí ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wá jókòó, ó ní ìyálé mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n bọ̀wọ̀ fágbà, mo bọ̀wọ̀ náà, ẹsẹ̀ mi ló wú. Ó tún ní àwọn àbúrò òun ti padà sí Share pẹ̀lú orúkọ olè, ta ló máa bá òun lọ pe orúkọ náà padà. Mo ní èmi ni, pé lọ́jọ́ ọjà Share tó ń bọ̀ èmi á wọkọ̀, èmi á lọ bá ìyá wọn. Mo sì máa lọ. Bàbá náà bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í bẹ ọmọdé láìmú nǹkan dání, wọ́n gbé àkùkọ kan fún un, èyí tó ní ìyẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Bàbá mú fóònù láti ṣílẹ̀kùn fún Toyyibat, wọn kò rí ibi tí wọ́n ti tì í. Wọ́n tẹ ìhín, wọ́n tẹ ọ̀hún, wọ́n ti ìyàwó tiwọn síta. Wọ́n tún tẹ̀, wọ́n ti ara wọn síta, gbogbo agboolé kú pii. Ìgbà tí wọ́n yọ wáyà tí wọ́n tún dá a padà sójú ihò rẹ̀, gbogbo wa padà wọlé, ìyàwó Bàbá wọlé, Toyyibat nìkan ló ṣẹ́kù síta. Bàbá ní àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn, ẹni tó kọ́ àwọn kò kọ́ àwọn ní ṣíṣí.

Bí a ṣe wà nìyí. Ilé wa ni Toyyibat ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, lórí kọ̀ǹpútà ẹlẹ́jọ́ yìí kan náà. Bàbá kò sì fẹ́ kí wọ́n máa ba àwọn lẹ́rù mọ́, wọ́n ní kí n máa gbé e wá han àwọn láràárọ̀. Torí náà, kí n tó fọ ẹnu, mo ti gbé e, mo ti kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá ṣí i, àkùkọ á kọ, Bàbá á ní kí lo ń jẹ́ lónìí? Màá ka ẹyọ lẹ́tà àti nọ́ńbà fún wọn, wọn á ní ó dáa, máa wọlé. Àwọn èèyàn ti ń dúró wò wá. Akọ̀wé ní ó jọ ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ní kíláàsì.

O máa ní kí n kàn tẹ ibi tí wọ́n ní kí n pa á, kó máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n bí i mọ́. Mo ti gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi kò gbà. Mo mọ̀ pé Bàbá kò ríran, ṣùgbọ́n àwo tó wà lórí òrùlé yẹn ńkọ́, ta ló ń wò láti òkè? Ṣé tí mo bá pa á, mo lè jókòó síwájú rẹ̀ nínú ìró? Tàbí kí n tàn án, ṣé bátìrì á gbà á? Sọ èyí tí màá tẹ̀ fún mi, kí o sì fi ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn sọ ọ́.

Èyí tó ṣe kókó jù ni ti Toyyibat. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ rí i ná. Shakiru tí kì í lè kí èèyàn tán nígbà tó wà nílé, Àbíjàn ti sọ ọ́ di akéwì. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, màá gbé ìrẹsì mi jáde, torí ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ kìíní, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé sí ọmọ mi. Ó ń kọrin sí ikùn. Toyyibat á gbé ikùn sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ọkọ á máa kọrin láti ibẹ̀ yẹn, ọmọ á máa tàpá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, Tómi, agbẹ̀bí ní ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ ọ̀túnla. Tó bá bímọ, kò ní lè gbé ọmọ tuntun jáde wá sílé wa. Bẹ́ẹ̀ ni kò dáa kí ọmọ dé ayé kí bàbá rẹ̀ máa dúró de ìgbà tí èmi bá gbé kọ̀ǹpútà kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ Bàbá kó tó rí i. Fóònù rẹ̀ ló yẹ kó wà nírọ̀rí rẹ̀. Kọ bí Bàbá ṣe máa ṣílẹ̀kùn fún un sínú ìwé, ní lẹ́tà ńlá, kí ojú wọn lè kà á.

Tí o bá rí owó díẹ̀ fi kún un, mo fẹ́ fi wọkọ̀ lọ sí Share, kí n sì ra ọṣẹ dúdú àti aṣọ ọmọ fún Toyyibat, torí ẹnu lásán kò tó láti fi bẹ ẹni tó gun òkè nítorí ẹni. Tí kò bá sí, má ṣe dààmú, màá ta ewúrẹ́ tó dà bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀kọ sí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ níta níbi tí wọ́n ti mọ̀ ẹ́. Ìwà rẹ yóò máa ṣáájú rẹ wọlé. Àmín.

Tómi, Ebenezer á padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́, fi èsì rán an.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rúùtù.